Bí A Ṣe Ń Gé Àwòrán Nínú PowerPoint Láìba Ojú Ẹnikẹ́ni Jẹ́

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ìlú Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ mi ni kí n máa to sílàìdì fún àwọn olóde ìdúpẹ́, àwọn tó ń sìnkú àgbà àti àwọn oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtòkú, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń bi mí: báwo ni àwòrán mi ṣe ń kún ojú sílàìdì láìjẹ́ pé ojú ènìyàn fẹ̀?

Mo ti gba orí Insert, tó wà lára àwọn orúkọ tó tò sókè nínú PowerPoint, mú àwòrán àdìrẹ oníko kan wọlé. Ẹ wo àwọn òbìrìkìtì funfun tó wà nínú aró yìí dáadáa. Bí mo ṣe tẹ àwòrán náà, àmì róbótó kéékèèké mẹ́jọ yọ yí i ká, mẹ́rin ní igun, mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́. Igun ni kí ẹ dì mú. Láti igun, ìbú àti gíga yóò jọ máa pọ̀ tàbí dín kù ni. Ẹ jẹ́ kí n fa ti ẹ̀gbẹ́ kí ẹ rí i: òbìrìkìtì ti di ẹyin! Ìyá tó jókòó tó fi ìko so aṣọ yìí ní kókó kọ̀ọ̀kan kò so ẹyin rárá. Mo tẹ Ctrl àti Z, ó ti padà sípò.

Ojú sílàìdì òde òní jẹ́ 16:9, ìyẹn íǹṣì 13.33 ní ìbú àti 7.5 ní gíga, bẹ́ẹ̀ 4:3, ìyẹn ìbú mẹ́rin sí gíga mẹ́ta, ni fọ́tò tí ọ̀pọ̀ fóònù ń yà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí fọ́tò tí a dá fóònù dùbúlẹ̀ yà kún ojú sílàìdì, ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Ọwọ́ wa ni yíyan ibi tí yóò lọ wà, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi.

Àwòrán ẹbí kan tí wọ́n yà ní ẹsẹ̀ Olúmọ nìyí. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ sí Picture Format, mo tẹ ọfà tó wà lábẹ́ Crop, ìyẹn gígé, mo yan Aspect Ratio, ìyẹn ìwọ̀n ìbú sí gíga, lẹ́yìn náà 16:9. Àmì dúdú tó nípọn ti yọ, apá tí yóò lọ sì ti ṣókùnkùn. PowerPoint gé òkè àti ìsàlẹ̀ dọ́gba, ó sì ti bẹ́ gèlè màmá tó wà láàárín, èyí tí n kò lè gbà láé. Ẹ di àwòrán náà mú láàárín, kí ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gèlè yóò fi yọ tán pátápátá, kí ilẹ̀ tó wà níwájú ẹsẹ̀ wọn sì lọ dípò rẹ̀. Mo tẹ Esc. Ó parí. Ẹ wá di igun mú, kí ẹ fà á kún sílàìdì. Igun ni mo wí o!

Ẹni tó fẹ́ kí ojú olóògbé wà nínú òbìrìkìtì yóò yan Crop to Shape, yóò mú Oval, yóò sì padà sí Aspect Ratio láti yan 1:1. Láìṣe èyí, ẹyin náà ni yóò tún rí.

Bí àwòrán bá ṣú bàìbàì lẹ́yìn tí ẹ fà á tóbi, WhatsApp ló sábà máa ń fà á, nítorí pé ó ń dín fọ́tò kù. Ẹ ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: apá tí a gé ṣì wà nínú fáìlì, ẹni tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí lè tẹ Crop kí ó fà á jáde padà. Bí ẹ bá gé ẹnìkan kúrò nínú àwòrán ẹbí, ẹ kíyè sí èyí gidigidi. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ fún ara yín, kí ẹ tẹ àwòrán náà, kí ẹ ṣí Compress Pictures nínú Picture Format, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú Apply only to this picture, kí ẹ sì rí i pé àmì wà níwájú Delete cropped areas of pictures. Ẹ tẹ OK, kí ẹ tọ́jú fáìlì náà, kí ẹ tó fi ránṣẹ́.