Okùn Inú Aṣọ: Ohun Tí Onímọ̀-Ẹ̀rọ Rí Lára Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu

Ìbà ẹ̀yin ìyá wa, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó ère orí tí a fi ń yẹ́ ẹ̀yin ìyá sí, ní Kétu wa yìí ní ilẹ̀ Benin, tí kò ní kọ́kọ́ júbà yín. Mo kí ẹ̀yin bàbá wa, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀ wá gbọ́rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ yín ti rò pé Àkàbà Ìdènà ni n óò mú bọnu lónìí, ẹnubodè ńlá onílẹ̀kùn méjì, pẹ̀lú odi àti yàrà tí àwọn baba wa fi dáàbò bo ìlú. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n odi kò gba Kétu lọ́wọ́ ogun Dàhòmì ní 1886. Ìmọ̀ tó wà lórí àti lọ́wọ́ àwọn èèyàn ló bá wọn dé oko ẹrú, òun náà ló sì bá àwọn tó ṣẹ́kù padà wálé lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì. Iṣẹ́ agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọmọ ọba Kétu méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì ń du oyè. Nígbà tí ọ̀kan mọ̀ pé èkejì fẹ́ gba ẹ̀mí òun, ó so ìkarahun ìgbín mọ́ okùn, ó gbé ère kalẹ̀, ó wọ̀ ọ́ láṣọ. Ariwo ìkarahun àti ohun tí wọ́n rí nínú òkùnkùn ló lé àwọn ọ̀tá sá. Ìtàn ọgbọ́n ni mo kà á sí ní kékeré. Ìgbà tí mo kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ tán ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ìdágìrì ni ọmọ ọba yẹn ṣe: ẹni tó bá kọlu okùn ni yóò mú un dún, kò sì sí ẹni tó ní láti dúró tì í.

Okùn yẹn kò tíì kúrò nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ mọ̀ pé orí ni wọ́n ń gbé ère náà lé, aṣọ ló sì ń bo ojú ẹni tó gbé e. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n, nítorí bí ohun tó wà lókè bá ga tó sì tẹ̀ síwájú jù, ọrùn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ máa dá ìyáàlù lóhùn láìtàsé. Ìdí nìyí tí agbẹ́gilére fi ń há inú igi náà títí yóò fi fẹ́lẹ́. Igi tútù ni wọ́n sì máa ń gbẹ́, torí pé ó rọ̀ fún àáké àti ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n igi tútù ń súnkì bó ṣe ń gbẹ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ so ẹyẹ tàbí ejò tó ń mira mọ́ ọn gbọ́dọ̀ ti ro bí oríkèé rẹ̀ yóò ṣe rí nígbà tí igi bá gbẹ tán. Okùn tó ń mú wọn mira gba inú aṣọ wá sí ọwọ́ oníjó. Mo bi bàbá kan tó ń gbẹ́ ẹ, tó sì ti gbé e jó rí, pé kí ló dé tí wọn kò lo okùn ọ̀rá tó lágbára jù. Bàbá ní, “Ọmọ mi, bí ọwọ́ bá làágùn, ọ̀rá á yọ̀. Òwú ló ń sọ fún ọwọ́ mi ibi tí ẹyẹ dé.” Èmi tí mo rò pé fífà nìkan ni iṣẹ́ okùn, mo jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun mìíràn tún wà. Bí kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń wọ̀lú ni àwọn agbẹ́gilére ń gbé wọn sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í dá ẹ̀rọ gbẹ́. Wọ́n á gbẹ́ ẹni tó ń lò ó mọ́ ọn. Lórí ọ̀kan tí mo rí, orí ẹni tó gun alùpùpù tóbi ju táyà lọ. Ọ̀nà ìgbẹ́gi Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ó bá mi wí. Mo wà lára àwọn tó gbé ẹ̀rọ omi kalẹ̀ ní abúlé kan nígbà kan rí. Ìwọ̀n gbogbo pé nínú àwòrán wa, àmọ́ a kò ya ènìyàn kankan sí i. Ọwọ́ ẹ̀rọ náà ga ju àwọn ọmọbìnrin tó ń pọnmi lọ. Ó dùn mí di òní.

UNESCO, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà lágbàáyé, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá pàtàkì tí Benin, Nàìjíríà àti Tógò jọ ní. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, nínú gbogbo ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tí mo kọ́, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n fi oríkèé ẹyẹ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ hàn wá. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà láti ya àwòrán ère mẹ́ta, pẹ̀lú oníjó lábẹ́ wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ àwòrán yà, mo ń wá ẹni méjì tí yóò bá mi dé ọ̀dọ̀ bàbá wa kí ère tó ń gbẹ́ lọ́wọ́ tó gbẹ tán, kí a lè wọn oríkèé rẹ̀ ní tútù, kí a sì tún un wọ̀n ní gbígbẹ.