Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọ Òwò Lórúkọ

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ti gba àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì fún òwò rẹ̀, kó nawọ́. Ọwọ́ pọ̀. Ẹni tó ti fi orúkọ òwò náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò ńkọ́? Mẹ́ta péré. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn.

Ẹ ò ra àdírẹ́sì yẹn o, ẹ háyà rẹ̀ ni. Bí owó ọdún bá tán tí ẹ ò san òmíràn, ẹlòmíì lè gbà á. Ìwé tí ẹ fi dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ náà kì í ṣe àmì òwò. Ohun tó ń sọ ni pé ilé iṣẹ́ náà wà lójú òfin. Àmì òwò ló ń jẹ́ kí ẹ lè kò ẹlòmíì lójú pé: "Má fi orúkọ yìí ta irú ọjà tí mò ń tà, oníbàárà á ṣì wá mú."

Àwọn kan tó ń kọ́ni lówò ní kí ẹ kọ́kọ́ máa pawó, ẹ óò forúkọ sílẹ̀ tó bá yá. Ìmọ̀ràn burúkú gbáà ni! Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Ṣáínà wà lára wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni òfin sábà máa ń dá mọ̀. Níbi tí lílo orúkọ nìkan ti ń fúnni ní ẹ̀tọ́, ẹ̀yin lẹ óò máa wá ẹ̀rí kiri.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó ń ta aṣọ kò lè ní kí aráyé má pe aṣọ ní aṣọ mọ́. Ẹ wo Booking.com, ilé iṣẹ́ tó ń báni gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ́fíìsì àmì òwò Amẹ́ríkà kọ̀ fún wọn, pé "booking", ìyẹn kéèyàn gba àyè sílẹ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní 2020, adájọ́ 8 dá wọn láre, ẹnì kan kọ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé wá sílé ẹjọ́ fi hàn pé nǹkan bíi 75 nínú 100 àwọn tí wọ́n bi ló kà á sí orúkọ ilé iṣẹ́. Ẹni mélòó nínú yín ló lówó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ ṣe bíi Kodak, ilé iṣẹ́ kámẹ́rà nì, ẹ hun orúkọ tí kò nítumọ̀ rárá.

Bí ẹnìkan bá gba àdírẹ́sì tó jọ orúkọ yín, ìlànà ICANN, àjọ tó ń bójú tó àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kárí ayé, ti wà láti 1999. Ẹ óò fi hàn pé ẹ ní ẹ̀tọ́ sí àmì òwò tó jọ ọ́, pé ẹni náà kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí i, àti pé èrò ibi ló fi gbà á, òun náà ló sì fi ń lò ó. Ẹ ò rí i? Àmì òwò ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Kíákíá: ẹ̀ka ọjà àti iṣẹ́ tí wọ́n ń pín àmì òwò sí jẹ́ 45, ẹ mú èyí tó bá yín mu. Àmì òwò kì í ré kọjá ẹnu ibodè. Ìlànà Madrid, àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè lórí àmì òwò, gbà yín láyè láti fi ìwé kan béèrè ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kọ̀.

Ìyá kan dìde lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti gba ìwé àmì òwò tèmi. Ṣé ìjọba ò ní yọ mí lẹ́nu mọ́?"

Mo pa ìwé mi dé. Rárá mà, ìwé yẹn ń dá ẹlòmíì dúró ni, kì í ṣe àṣẹ láti tajà. Bí ẹ bá ń ta oògùn, tàbí ẹ ń bá èèyàn tọ́jú owó, àṣẹ tiwọn wà lọ́tọ̀. Òfin sì ń tẹ̀lé oníbàárà. Láti May 25, 2018 ni òfin GDPR ti Yúróòpù, èyí tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, bí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́. Ibi yòówù kí ẹ wà, bí ẹ bá ń tajà fún àwọn tó wà níbẹ̀, ó kàn yín. Ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 20 owó yúrò, tàbí ìdá 4 nínú 100 owó tó wọlé lọ́dún kárí ayé, èyí tó bá pọ̀ jù.

"A jẹ́ pé wọ́n fẹ́ pa àwa kékeré nìyẹn."

Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ mà. Oníbàárà kan náà ni òfin méjèèjì ń dáàbò bò: ọ̀kan kí wọ́n má fi orúkọ tàn án, èkejì kí a má lo ìsọfúnni rẹ̀ bó ṣe wù wá lẹ́yìn tó ti gbà wá gbọ́.

Ó ní kí lòun á kọ́kọ́ ṣe. Mo ní kó ṣí fọ́ọ̀mù tí oníbàárà rẹ̀ ń kún, kó yọ gbogbo ìbéèrè tí òun kò nílò ìdáhùn rẹ̀ kúrò lálẹ́ ọjọ́ náà.