Àga ni mo sanwó rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ẹ rọra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ abọ́, ẹ kú iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí. Bàbá àwọn ọmọ ti kó wọn jáde, ilé dá páro, ni mo bá ní kí n yára sọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé a lọ sí Orlando nínú ìsinmi yìí. Disney World. Ti tíkẹ́ẹ̀tì, ti bá a ṣe wakọ̀ láti Atlanta, ti àwọn ohun tá a gùn, mi ò ní fìyẹn gbà yín lásìkò. Ó kún orí YouTube, ẹ ti wò ó títí ẹ ti há a sórí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo bá wá. Tàbí kí n kúkú sọ pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi ọkùnrin sọ nídìí oúnjẹ, tó ṣì ń dùn mí di báyìí.

Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀sán pọ́n. Oòrùn Florida nínú oṣù keje kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. A wà nínú Magic Kingdom, ọ̀kan nínú ọgbà mẹ́rin tó wà ní Disney World, a rí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi, a jókòó. Mo sọ kúlà kalẹ̀, mo yọ fúláàsì oúnjẹ jáde: ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, ẹran tí mo ti gé wẹ́wẹ́ torí àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Bí mo ṣe ṣí ìdérí, ooru bo gíláàsì ojú mi, òórùn ata gba gbogbo ibẹ̀. Kí n tó nu gíláàsì tán, ọmọkùnrin mi ti ṣí fìlà orí ẹ̀, fìlà dúdú elétí eku méjì tí mo fowó gidi rà fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti fi bo ẹnu fúláàsì. Ó fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá rọra bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé a ò lówó ni?"

Ọmọ ọdún méje o!

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ irú ẹ̀rín tó máa ń jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbá èèyàn létí. Bàbá wọn wojú mi, mo wojú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan sọ. Àbúrò ẹ̀, ìyá mi kékeré, ní tiẹ̀ ti lanu sílẹ̀, ó ń retí ṣíbí.

Ẹ dúró ná, mo ti ń gbọ́ yín. Àwọn kan ti ń sọ nínú ọkọ̀ pé, "Ìwọ obìnrin yìí náà! Ìwọ tó o rówó tíkẹ́ẹ̀tì Disney san, fúláàsì lo wá gbé kọ́rùn? Ahun!" Ẹ máa bú mi lọ. Mo ti ń retí yín.

Ṣé ẹ rò pé mo yọ́ gbé e wọlé ni? Òfin wọn fúnra wọn ló fàyè gbà á: oúnjẹ, omi, ohun mímu tí kì í ṣe ọtí. Lára ohun tí wọn ò fẹ́ ni ìgò, yìnyín tí wọ́n kàn dà sínú kúlà lásán, àti kúlà tó bá tóbi ju ínǹṣì 24 ní gígùn, 15 ní ìbú, 18 ní gíga lọ. Wọ́n yẹ tiwa wò lẹ́nu géètì. Ọ̀gbẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò gan-an bi mí pé kí ló ń ta sánsán báyìí. Omi ńkọ́? Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lójú kántà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní omi tútù, ọ̀fẹ́ ni. Èmi á wá lọ to láìnì ra omi inú ike? Ẹ gbà mí o! Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tó yó nínú ọgbà yẹn ló gbádùn ẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó pe èèyàn ní ahun.

Àti pé ẹ ò lè ní ẹ fẹ́ jáde lọ jẹun níta kẹ́ ẹ padà wá. Walt Disney tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ibẹ̀ kú ní 1966, kò fojú rí i nígbà tí wọ́n ṣí Disney World ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1971, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti rà sílẹ̀, kékeré kọ́. Gbogbo ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlú San Francisco. Disneyland tó kọ́kọ́ ṣe ní California, àwọn onílé ìtura àti oníṣòwò ti yí i ká, ló bá ní èyí ò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin yẹn gbọ́n o! Nísinsìnyí, kẹ́ ẹ tó dé géètì Magic Kingdom, ẹ ti páàkì mọ́tò, ẹ ti wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá adágún tàbí kẹ́ ẹ wọ monorail, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba òkè, yí i ká. Ẹni tó bá kó ọmọ méjì tébi ń pa gba ọ̀nà yẹn jáde, tó tún gba ibẹ̀ wọlé padà, kó wá kí mi.

Ta ló tiẹ̀ sọ pé a ò jẹun nílé oúnjẹ wọn? A jẹ ẹ́ o! Chef Mickey's la lọ, nínú hótẹ́ẹ̀lì Contemporary, ibi tí monorail ti ń gba inú ilé kọjá lókè orí èèyàn. Ọmọkùnrin mi ò wo àwo, ọkọ̀ ló ń wò, ó ń dìde ní gbogbo ìgbà tó bá ti ń kọjá. Àbúrò ẹ̀ tó ti ń pe Mickey, Mickey láti Georgia wá, bí Mickey ṣe yọ lóòótọ́, ó gun bàbá ẹ̀ bí ológbò ṣe ń gungi. Àwọn tó wọ aṣọ yẹn kì í sọ̀rọ̀ o, wọ́n á kàn máa juwọ́, wọ́n á máa gbọnrí ni. Eku ńlá tí kì í sọ̀rọ̀ dúró lé ọ lórí, ìwọ náà á sá! Bàbá ẹ̀ ò lè jẹun mọ́, ọmọ ti dì mọ́ ọn lọ́rùn. Èmi ni mo ń fi ẹran sí i lẹ́nu lójú gbogbo ayé. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹ kú ìtọ́jú." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Ẹ mọ̀ pé ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣí ìwé ẹni tó bá fẹ́ gba àyè? 60 ọjọ́! Ọmọ tí ò mọ ohun tó fẹ́ jẹ lálẹ́ òní, wọ́n ní kí n wá sọ ibi tó ti máa jẹun lóṣù méjì òní. Tẹ́ ẹ ò bá sì yọjú, tẹ́ ẹ ò fagi lé e lásìkò, 10 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ àjẹyó báyẹn, ẹni tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti mẹ́ta dé mẹ́sàn-án, owó ọmọdé. Ó pé mẹ́wàá pẹ́nrẹ́n, owó àgbà ni, ì báà jẹ́ ẹyọ búrẹ́dì kan ló jẹ. Tèmi jẹ makaróònì ṣíbí mélòó kan àti áísìkiriìmù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye tí ṣíbí kọ̀ọ̀kan jẹ́, mo yáa fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ owó yẹn, ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣì mí gbọ́ nìyẹn. Àga ni mo rà. Atẹ́gùn tútù ni mo rà. Mo ra ìjókòó ẹlẹ́ẹ̀kan tẹ́nikẹ́ni ò ní sọ pé "Mọ́mì, gbé mi." Òjò ń rọ̀ níta, àrá ń sán, torí Florida nígbà ooru, kò sí bí ọ̀sán ṣe máa mọ́lẹ̀ tó, ẹ máa retí òjò. Àwa wà nínú ilé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò jìnnà. Nínú ọgbà fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá máa gba àyè nílé oúnjẹ, ẹ gbà á sí nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, kí òjò bá yín lórí ìjókòó, kẹ́ ẹ fi aago méjìlá sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ para wọn lórí tábìlì. Ti ẹnu, fúláàsì. Ti ìdí àti ẹsẹ̀, ilé oúnjẹ. Bí mo ṣe pín in nìyẹn, mi ò sì ní yí i padà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ọwọ́, kí n tó gbàgbé, Baby Care Center wà nínú ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti Magic Kingdom wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ Crystal Palace. Àga gíga ọmọdé wà níbẹ̀, ẹ rí ibi mú oúnjẹ gbóná, ó tutù, ó sì dákẹ́.

"Ṣebí o mọ ibẹ̀, kí ló dé tó ò gbé fúláàsì ẹ lọ síbẹ̀, kí ọmọ má bàa tijú?"

Áà. Ẹ gbọ́ ara yín ṣá? Kí n kó ọmọ lọ sí kọ̀rọ̀ torí ìrẹsì? Ìrẹsì tí mo fowó mi rà, tí mo jí sè ní kíṣìnnì ilé tá a háyà ní Kissimmee nígbà tí bàbá wọn ń hanrun? Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n kọ́ ibẹ̀ yẹn fún. Ojú ọmọ ọdún méje ló ń tì í, ṣé kí n wá bá a tijú ni? Ẹ má bínú pé mo gbóhùn sókè.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mi ò tíì sọ.

Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "A lówó, Àkànní. Oúnjẹ lásán ni mo gbé wá." Mo wá nawọ́ sí bẹ́ǹṣì kejì. Màmá àgbà òyìnbó kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Ó ń yọ sáńwíìṣì lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá, ó ń pín in, ó ń já etí búrẹ́dì kúrò fún èyí tó kéré jù. Mo ní, "Wò ó, àwọn náà gbé oúnjẹ wá látilé. Ṣé àwọn náà ò lówó ni?" Ọmọ wò wọ́n. Ó wò wọ́n dáadáa. Ó yíjú padà sí mi, kò mú fìlà kúrò, ó ní, "Sáńwíìṣì nìyẹn, Mọ́mì."

Ẹ rí i báyìí? Gbogbo ẹjọ́ owó tí mo ti ń rò fún yín, ọmọ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa á rẹ́.

Ọmọ yìí, nílé, òun ló máa ń ha ìdí ìkòkò. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, nígbà tí mo ń sè é, ó dúró tì mí, ó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní kí n fi ẹran kún tòun. Láti kíṣìnnì yẹn dé bẹ́ǹṣì yẹn, kí ló ṣẹlẹ̀? Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí lẹ̀ ń ṣe. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ wò wá, oníkálukú ń sá oòrùn kiri. Màmá yẹn gan-an rẹ́rìn-ín sí wa. Ibòmíì ni ọmọ ti gbé ìtìjú yẹn wá, bóyá láti ibi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán níléèwé. Mo bi í lálẹ́, ó ní kò sí nǹkan kan.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìlú yìí. Wọ́n ti pe orúkọ mi ní ìpèkúpè, wọ́n ti bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé mi ò gbọ́, mo ti gbà á bẹ́ẹ̀, mo ti fi ṣẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ yẹn, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Pé kí ọmọ mi fi fìlà eku bò ó...

Ẹ jẹ́ n mu omi.

Mo sọ ọ́ fún àǹtí mi kan lórí fóònù. Wọ́n ní, "O ò bá fipá fún un jẹ! Ẹ ti ba àwọn ọmọ yẹn jẹ́ lọ́hùn-ún." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn Àǹtí, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀. Fipá? Nínú oòrùn yẹn? Kó wá bì í sórí ohun tó ń yí kiri? Ohun tó bá wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú, ẹnu Àǹtí gan-an ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe yẹn, ìgbà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ tiwọn ni ò fẹ́ jẹ ẹ̀wà! Tí mo bá fi ìrẹsì sọ ọ́ di ẹkún lónìí, kò ní tijú ẹ̀ nìkan mọ́, ó máa kórìíra ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú fìlà, mo fi dé orí ara mi. Orí mi tóbi fún un, etí kan yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sì jẹun. Ìyá mi kékeré jẹ tiẹ̀ títí ọbẹ̀ fi dé imú ẹ̀. Bàbá wọn fi áàpù ra ọ̀dùnkún díndín fún àkọ́bí ẹ̀. Nǹkan yẹn dáa o, ẹ yan oúnjẹ lórí fóònù, ẹ sanwó síbẹ̀, ẹ lọ gbé e tó bá ti ṣe tán. Ó jẹ ẹ́. Ó ń yọjú wo fúláàsì bó ṣe ń jẹ ẹ́. Mo rí i, mi ò sì fi lọ̀ ọ́, torí mo mọ̀ pé bí mo bá fi lọ̀ ọ́, kò ní gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ lókè òkun, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi. Àgàgà ẹ̀yin tọ́mọ yín ti dàgbà, tó ti ń gbé abọ́ oúnjẹ ilé lọ síbi iṣẹ́ láìbojúwẹ̀yìn. Ìgbà wo ló yí padà? Ṣé ẹ ṣe nǹkan kan ni, àbí ó kàn jí lọ́jọ́ kan? Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n nà án, kó má wulẹ̀ fi détà ẹ̀ ṣòfò. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé kí n kúkú máa gbé sáńwíìṣì lọ, mo gbọ́, kó kọ́kọ́ pe bàbá wọn, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún un pé búrẹ́dì ló máa jẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi ò ní sí níbẹ̀ o.