Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kò ní mì: bí a ṣe ń ra tripod tó lágbára nígbà tí owó kò pọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi oníkámẹ́rà. Kí n tó dárúkọ ọjà kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbi ìdána kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Fídíò ni wọ́n ní kí n wá yà. Mo gbé kámẹ́rà lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo dè é, mo kọjú rẹ̀ sí ibi tí ìyàwó máa kúnlẹ̀ sí, mo sì fi kámẹ́rà kejì lọ ya àwọn àlejò. Ìyàwó kúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń wúre, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo wo iṣẹ́ mi, lẹ́ńsì ti ń wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látìgbà tí mo ti kúrò nídìí rẹ̀. Ohùn bàbá wà níbẹ̀ ketekete. Ojú rẹ̀ kò sí. Ẹní ni mo rí, àti etí aṣọ òkè ìyàwó. Mo dá owó fídíò padà fún wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ṣe èyí fún yín. Bí owó yín bá kéré, líle ni kí ẹ fi rà. Gíga lè dúró dìgbà mìíràn. Fífúyẹ́ náà lè dúró dìgbà mìíràn. Ohun tó bá fúyẹ́ tó tún le, owó rẹ̀ ga, kò sí bí a ṣe fẹ́ yí i. Ohun tó le tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, ó máa wúwo. Ẹ jẹ́ ká gbà láti rù ú.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni. Bí ilẹ̀ rí gbágungbàgun, ohun tó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa kan ilẹ̀. Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ẹ máa ń rí tó ń mì lórí sìmẹ́ǹtì tí kò tẹ́jú, tí a ó máa wá bébà ká sábẹ́ ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé amọ̀ tàbí òkúta ni ààrò. Ó kúrú, ó sì ki. Ẹni tó bá fi ọwọ̀ mẹ́ta ṣe ààrò, ọbẹ̀ rẹ̀ á dànù, bó tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta náà ni.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo orí, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà ń jókòó sí. Ẹ mú téèpù dání lọ sọ́jà. Àwọn tí owó wọn kéré jù, ẹsẹ̀ wọn kì í ṣe páìpù rárá. Ẹ wò ó dáadáa, ó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi gọ́tà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kí ẹ lọ́ ọ bí ẹni tó ń fún omi lára aṣọ, ẹ ó rí i pé ó ń tẹ̀lé ọwọ́ yín. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Páìpù roboto ni kí ẹ wá.

Tí ẹ bá ti rí páìpù, ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Bí ara páìpù méjì bá nípọn bákan náà, èyí tó fẹ̀ tó 28 milimítà le ju èyí tó jẹ́ 22 lọ ní bíi ìlọ́po méjì. Milimítà 6 péré ló wà láàárín wọn o! Ohun tó fà á ni pé bí páìpù ṣe ń fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni irin rẹ̀ ń jìnnà sí àárín, irin tó jìnnà sí àárín ló sì máa ń kọ̀ láti tẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè máa fi àwọ̀ pupa àti báàgì rẹ̀ polówó fún yín, ẹ̀yin ẹ máa wọn páìpù yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa gbogbo ẹsẹ̀ jáde, kí ẹ wo èyí tó tínrín jù nísàlẹ̀. Bí a bá ti kúrò ní ìpele kan (páìpù kan nínú àwọn tó wọ inú ara wọn) bọ́ sí èkejì, páìpù sábà máa ń dín ní bíi milimítà 3. Bí òkè bá jẹ́ 22, tí ẹsẹ̀ sì ní ìpele 4, ìsàlẹ̀ á ku 13. Ìyẹn kò ju ìka ọwọ́ lọ, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ẹrù dé sí. Bí òkè bá jẹ́ 25 tí ìpele jẹ́ 3, ìsàlẹ̀ á ṣì tó 19. Ìpele 3 ni mo máa ń mú. Kì í ká kúrú tó onípele 5, kì í wọ inú báàgì ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìdè tó lè yẹ̀ kò pọ̀ lára rẹ̀.

Ìdè ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, irú èyí tó bá tẹ́ yín lọ́rùn ni. Èyí tí à ń yí bí ìdérí ìgò máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹsẹ̀, àmọ́ yanrìn máa ń wọ inú rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa tú u fọ̀ tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ létí òkun. Èyí tí à ń ṣí tí à ń pa, ojú lẹ ó fi rí i pé ó ti dè, bó bá sì dẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ló máa mú un le padà.

Ẹ wá wo òpó àárín, èyí tí à ń fà sókè kí kámẹ́rà lè ga sí i. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lèyí. Gbogbo owó tí ẹ san lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, bí ẹ bá ti fa òpó yẹn sókè tán, orí igi kan ni kámẹ́rà tún padà wà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń wọn gíga ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí òpó wà nílẹ̀. Bí kámẹ́rà bá dé àgbọ̀n yín báyẹn, ó tó. Fún ìjókòó, fún ìwúre, fún ọmọ tó ń kúnlẹ̀, ẹ kò tilẹ̀ ní í fa ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ kílò tí wọ́n kọ sára páálí ńkọ́? Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wọn tirẹ̀ bó ṣe wù ú, kò sí òṣùwọ̀n kan tó de gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò ní wó. Wọn kò sọ pé kò ní mì. Ẹ wọn ẹrù tiyín, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 3. Kámẹ́rà Canon 700D jẹ́ 580 gíráàmù, lẹ́ńsì 18-55 STM rẹ̀ jẹ́ 205. Àpapọ̀ wọn kò pé kílò kan, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n pè ní kílò 3 tó o. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kámẹ́rà Canon 5D Mark III tó jẹ́ 950, pẹ̀lú lẹ́ńsì 70-200 f/2.8 IS II tó jẹ́ 1,490, ẹ ti ń sún mọ́ kílò méjì àbọ̀. Ẹ má gbé ìyẹn lé ohun tó bá kéré sí kílò 7 àbọ̀ lórí páálí.

Ẹ má sì ra ohunkóhun láì dán an wò. Bí ẹ bá wà ní Computer Village n'Íkẹjà, kámẹ́rà tiyín ni kí ẹ gbé lọ, pẹ̀lú lẹ́ńsì tó gùn jù lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé kámẹ́rà mi lé e wò.” Ẹ tan ojú kámẹ́rà, kí ẹ wo inú rẹ̀, ẹ fà á súnmọ́ ní ìlọ́po 10, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ìkọ̀wé kan lókèèrè. Ẹ fi ìka ta ẹsẹ̀ kan. Àwòrán á gbọ̀n. Ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá: ení, èjì, ẹ̀ta. Èyí tó bá yára dákẹ́ lẹ̀ ń wá. Bí ẹ bá dán méjì tí owó wọn bára mu wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú yín á là.

Ẹ tún ṣe èyí, òun ni kò sẹ́ni tó kọ́ mi kí n tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ fi àárín àwòrán sí ojú kan, ẹ de orí rẹ̀ pinpin, kí ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀. Ṣé ó wá sílẹ̀? Bó bá ti wá sílẹ̀ níbẹ̀ lójú yín, á wá sílẹ̀ lójú bàbá ìyàwó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀, kí ẹ tún padà wò ó.

Fún fídíò, ẹ rọra yí orí náà láti apá kan dé èkejì. Bó bá kọ́kọ́ há, tó wá fò lójijì, “fluid” (òróró inú orí tó yẹ kó mú un yí wẹ́rẹ́) tí wọ́n kọ sí i lára kò ràn yín lọ́wọ́. Fún fọ́tò nìkan, ball head lásán, orí tó ń yí lórí bọ́ọ̀lù kékeré, tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí orí ṣeé tú kúrò lára ẹsẹ̀. Bóòtù 3/8 ínṣì ló sábà máa ń so orí mọ́ ẹsẹ̀, 1/4 sì ni ti ìdí kámẹ́rà. Bó bá ṣeé tú, ẹ lè ra ẹsẹ̀ tó dára lónìí, kí ẹ lo orí tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí owó bá wọlé. Ẹ kíyè sára o: bí bóòtù kékeré yẹn bá sọnù, kí ẹnikẹ́ni má fi bóòtù M6 ilé ìtajà irin dí i fún yín. Ó fẹ́ jọ ọ́, ṣùgbọ́n milimítà 6 ni, 1/4 ínṣì sì jẹ́ 6.35, yíyí wọn kò bára mu. Ó máa jẹ ojú bóòtù ìdí kámẹ́rà yín.

Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi carbon fibre (okùn kábọ́ọ̀nù) ṣe dára. Gitzo, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ti mú un jáde láti 1994, ó fúyẹ́, ó sì ń tètè dákẹ́ bí ó bá gbọ̀n. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú owó kékeré, alumíníọ̀mù ni tiyín.

Tòkunbọ̀ ni ibi tí ẹ ti lè jèrè jù. Kámẹ́rà àtijọ́ máa ń gbó, ẹsẹ̀ irin kì í gbó bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta Manfrotto 055 tàbí 190 tí ẹnìkan ti lò fún ọdún mẹ́wàá, tí ara rẹ̀ ti họ, tí ìdè rẹ̀ ṣì le, yóò dúró ju ọ̀pọ̀ tuntun tí owó wọn bára mu lọ. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, bóyá ó ti sán. Ẹ fa ẹsẹ̀ jáde tán, ẹ dè é, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Bí ìpele kan bá wọlé, ẹ béèrè bóyá ó ṣeé mú le. Ẹ sì rí i pé plate, pẹrẹsẹ kékeré tí à ń dè mọ́ ìdí kámẹ́rà, wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí, orí yẹn kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀, ẹ yọ owó orí tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó rárá, tó jẹ́ èyí tó ń mì ló wà nílé, náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà wà. Àpò kan máa ń ní 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, nítorí náà 4 nínú rẹ̀ jẹ́ kílò 2. Ẹ kó o sínú báàgì, ẹ fi kọ́ àárín ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìdí báàgì kan ilẹ̀ díẹ̀, kí atẹ́gùn má baà máa fì í. Ẹ fi ìpele tó tínrín jù sílẹ̀ sínú. Ẹ fi kámẹ́rà sí ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá 2, kí ọwọ́ yín ti kúrò lára rẹ̀ kó tó yà.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí àwòrán ṣì ń gbọ̀n, ẹ wo ilẹ̀. Níbi òde kan n'Íbàdàn, mo tú ẹsẹ̀, mo tún un dè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dákẹ́. Orí pákó ìtàgé ni mo dúró, ẹ̀rọ agbóhùnsókè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn. Mo gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré. Ìlù ń lọ, àwòrán dúró.