Agile nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba: ibi tí a ti máa ń ṣì í ṣe

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Agile nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba la fẹ́ sọ lónìí. Agile ni pé kéèyàn máa ṣe ètò kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀, ní sáà kúkúrú kúkúrú, kó máa fi han àwọn tó máa lò ó, kó sì máa tún un ṣe bó ṣe ń lọ. Ọ̀dọ̀ FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ mú yín lọ, torí mi ò tíì rí ìtàn tó là á yéni bíi tiwọn.

FBI fẹ́ kúrò lórí bébà. Fáìlì ẹjọ́, àkọsílẹ̀ ẹ̀rí, ìwé tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Virtual Case File. Ìwé tí wọ́n fi to ohun tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ lé ní ojú ewé 800. Ojú ewé ẸGBẸ̀RIN! Ta ló fẹ́ kà á tán? Nígbà tó fi máa di 2005, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Nǹkan bíi 170 mílíọ̀nù dọ́là ti bá a lọ.

Ní 2006, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Sentinel. Lockheed Martin, ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ńlá kan, ló gba kọ́ńtíráàtì. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, ó sì yẹ kó parí ní ìparí 2009. Ọdún 2010 dé, owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ 451 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n ti ná bíi 405 nínú rẹ̀, ìpele méjì péré ni wọ́n rí gbà. Àwọn tí wọ́n pè láti ìta láti yẹ̀ ẹ́ wò ní bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, yóò tún jẹ 351 mílíọ̀nù àti ọdún mẹ́fà sí i.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe. FBI gba iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó tó bíi 220, wọ́n ní bíi 40 péré làwọn fẹ́. Wọ́n kọ ohun tí òṣìṣẹ́ fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe ní gbólóhùn kúkúrú kúkúrú, ó tó 670. Wọ́n ń mú díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e jáde kí gbogbo ojú rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì míì, òmíràn. Nígbà tó di July 2012, Sentinel dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ FBI, owó ò sì kọjá 451 mílíọ̀nù yẹn.

Ó dáa. Ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, torí ibí ni a ti máa ń ṣì í ṣe.

Bí ilé iṣẹ́ ìjọba bá ní àwọn ń ṣe agile, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni ìpàdé òròòwúrọ̀, tí gbogbo èèyàn dúró. Ẹ máa rí bébà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n kọ iṣẹ́ sí lára ògiri. Bó bá wá di òpin ọ̀sẹ̀ méjì, ta ni wọ́n fi ẹ̀rọ hàn? Dàírẹ́kítọ̀! Wọ́n á fi slide hàn án, á mi orí, ó parí. Akọ̀wé tó máa jókòó sídìí ẹ̀rọ náà láti àárọ̀ dalẹ́ ò tíì rí i rí.

Ẹ wo télọ̀ tó mọṣẹ́. Kó tó rán aṣọ parí, á ránṣẹ́ sí yín pé ẹ wá wọ̀ ọ́ wò. Á ní kí ẹ gbé apá sókè, kí ẹ jókòó, kí ẹ dìde. Á fi pín-ín-nì há ibi tó tóbi. Torí ó mọ̀ pé bí aṣọ bá fún yín lọ́rùn lónìí, abẹ́rẹ́ á tún un ṣe, àmọ́ bó bá di àárọ̀ ọjọ́ òde, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ǹjẹ́ ẹ lè rán ọ̀rẹ́ yín tó sanra jù yín lọ pé kó lọ bá yín wọ̀ ọ́ wò? Ohun tí à ń ṣe nìyẹn bí a bá fi ẹ̀rọ han dàírẹ́kítọ̀ dípò akọ̀wé.

Mo tún un sọ o: ẸNI TÓ MÁA LÒ Ó NI KÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Ọwọ́ tirẹ̀, lórí kíbọ́ọ̀dù, pẹ̀lú irú iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́.

Sentinel náà rí ìṣòro. Ní October 2011, wọ́n kó òṣìṣẹ́ tó lé ní 700 jọ, wọ́n ní kí gbogbo wọn lò ó lẹ́ẹ̀kan náà fún wákàtí mélòó kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dákú. Àwọn ẹ̀rọ tó gbé e dúró ti gbó, agbára wọn ò gbé e. Ìyẹn sún ọjọ́ ìparí síwájú, ó sì dun àwọn èèyàn. Èmi ò bá wọn kédàárò! Ó dákú níbi ìdánwò, wọ́n sì rí àyè wo ó sàn. Ẹ fi wé HealthCare.gov, ìkànnì tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe káwọn èèyàn lè máa ra ìbánigbófò ìlera níbẹ̀, October 2013, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ nìkan dán gbogbo rẹ̀ wò pa pọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́fà péré ló ráyè forúkọ sílẹ̀ tán. Èèyàn MẸ́FÀ!

Àwọn kan á ní, “Ṣùgbọ́n ìjọba Brítéènì náà ṣe agile, kò bọ́ sí i.” Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ ká wò ó. Universal Credit, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba wọn, orúkọ agile wà lára rẹ̀ láti 2011. Ṣùgbọ́n kọ́ńtíráàtì ńláńlá ti àtijọ́ ni wọ́n fi gbé e. Nígbà tó di September 2013, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò wọn kéde pé 34 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ti di òfò. Ìgbà tí wọ́n tún un ṣe lákọ̀tun, Sutton, àdúgbò kan ṣoṣo ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, pẹ̀lú ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá wà nídìí kíkọ kọ́ńtíráàtì níbi iṣẹ́ yín, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Kí owó máa jáde bí ohun tó ń ṣiṣẹ́ bá ṣe ń jáde, kí ẹ má sanwó torí pé wọ́n kọ ìròyìn iṣẹ́ sórí bébà. Kí ilé iṣẹ́ yan ẹnì kan, ọ̀kan ṣoṣo, tó láṣẹ láti sọ pé “èyí la fẹ́, tọ̀hún lè dúró,” tí kò ní í lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kó tó lahùn. Ìkẹta, ẹ kọ orúkọ ipò àwọn tó máa jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ méjìméjì: akọ̀wé kékeré, ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù lójú fèrèsé, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń falẹ̀. Bí agbaṣẹ́ṣe bá kọ̀ láti fi ẹ̀rọ hàn wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ má fọwọ́ sí owó ọ̀sẹ̀ kẹta.