Yàrà Méjì Nínú Ogun Boer: Magersfontein àti Spion Kop

Ẹ kú ìjókòó o. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ogun tí àwọn Boer, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun tí ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ wá látọ̀dọ̀ àwọn ará Netherlands, bá òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì jà ní Gúúsù Áfíríkà láti October 1899 títí di May 1902, orúkọ àwọn ọ̀gágun lèèyàn kọ́kọ́ máa ń gbọ́: Buller, Roberts àti Kitchener ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Botha àti De la Rey ti àwọn Boer. Lónìí, ilẹ̀ ni mo fẹ́ ká wò. Ìjà méjì ni màá mú, nínú méjèèjì, ibi tí wọ́n gbẹ́ yàrà sí ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí ìbọn tó dún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn. Mauser ni ti àwọn Boer. Ọta márùn-ún ló ń wọnú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń lọ jìnnà, ẹ̀tù rẹ̀ kì í sì í rú èéfín. Ẹni tó bá wà nínú yàrà lè yìnbọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ọ̀tá má mọ ibi tó wà. Lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni sójà ń ki ọta sínú Lee-Metford rẹ̀.

Ní Magersfontein, nítòsí ìlú Kimberley, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Methuen ló ń bọ̀ wá bá àwọn Boer tí Cronje jẹ́ olórí wọn. Orí òkè ni wọ́n ti máa ń dúró dè é tẹ́lẹ̀. De la Rey ló ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà sí ẹsẹ̀ òkè. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyí: orí òkè ni àgbá àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń dojú kọ, yàtọ̀ sí ìyẹn, ọta tó bá ti òkè wá, ojú kan ló ń já sí, àmọ́ èyí tó bá ti ilẹ̀ jáde ń lọ gbọọrọ, ó sì ń gbá gbogbo pápá. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí àwọn Boer kó tẹ̀ lé ara wọn wà lára àwọn tó gbẹ́ yàrà ọ̀hún. Àwọn ni ìtàn sábà máa ń fò dá.

Ní ọjọ́ 10 oṣù December 1899, àwọn Gẹ̀ẹ́sì da àgbá bo orí òkè. Òkúta ni wọ́n ń yìn ín lù. Lóru ọjọ́ náà, nínú òjò àti ààrá, ọ̀gágun Wauchope kó àwọn sójà Scotland bíi 3,500 lọ, wọ́n fún pọ̀ mọ́ra kí ẹnikẹ́ni má bàa sọnù nínú òkùnkùn. Kí wọ́n tó tú ká tán ni ilẹ̀ ń mọ́, ni yàrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wauchope kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tó kù dojú bolẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, oòrùn sì bó ẹ̀yìn orúnkún wọn torí yẹ̀rì ni wọ́n wọ̀. Lápapọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tí wọn ò rí mọ́ lé ní 900.

Spion Kop ló burú jù, torí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló gbẹ́ yàrà ibẹ̀. Ìlú Ladysmith, níbi tí àwọn Boer ti sé ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ White mọ́, ni Buller fẹ́ lọ tú sílẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ gbígba òkè Spion Kop lé ọ̀gágun Warren lọ́wọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù January 1900, ọ̀gágun Woodgate kó sójà bíi 1,700 gun òkè ọ̀hún. Wọ́n débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì lé àwọn ẹ̀ṣọ́ Boer díẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Dígà 20 àti ṣọ́bìrì 20 péré ni wọ́n ní, wọ́n sì ti gbàgbé àpò iyanrìn sílẹ̀ nísàlẹ̀. Wọn ò tíì gbẹ́lẹ̀ jìnnà tí irin fi kan àpáta. Yàrà náà kò tó ìdajì mítà.

Nígbà tí kùrukùru ká láàárọ̀, wọ́n wá rí i pé àárín orí òkè ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, wọn ò gbẹ́ ẹ dé etí ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Àwọn Boer lè gòkè títí kan ìtòsí wọn láìsí ẹni tó máa rí wọn. Èyí tó tún burú jùyẹn ni òkè kékeré tí wọ́n ń pè ní Aloe Knoll tó wà lápá ọ̀tún: Prinsloo, ọ̀gá Boer kan, àti àwọn ọmọ ìlú Carolina ní Gúúsù Áfíríkà tí kò pé 100 ti gbà á, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yìnbọn gba inú yàrà láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Ẹni tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kò ní ohun tó máa fi bo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Botha, tí kò ju ẹni ọdún 37 lọ, ti to àgbá rẹ̀ sí orí àwọn òkè tó yí i ká.

Ọta ba Woodgate, ọgbẹ́ ọ̀hún ló sì pa á níkẹyìn. Buller ní kí wọ́n fi Thorneycroft, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá sójà tó wà níbẹ̀, ṣe olórí lókè. Ọ̀gágun Coke tí Warren rán wá kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Crofton àti Hill, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá sójà, náà rò pé àwọn làwọn ń pàṣẹ. Dígí tí wọ́n fi ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ránṣẹ́ ti fọ́. Nígbà tó dalẹ́, fìtílà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kò lépo. Omi kò sí. Nínú irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò lè dá Thorneycroft nìkan lẹ́bi pé ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò lóru. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé àwọn tó ń gbé irinṣẹ́ bọ̀ wá sókè. Àwọn Boer tó wà lórí òkè náà ti sọ̀ kalẹ̀! Botha ló fi gbogbo òru rọ àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n má tú ká, ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n rí i pé òkè ti ṣófo.

Inú yàrà yẹn ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ òkú Gẹ̀ẹ́sì sí. Gandhi wà lára àwọn ará Íńdíà tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ẹ̀yin olólùfẹ́ Liverpool, òkè yìí ni wọ́n fi sọ Kop, ibi ìjókòó àwọn òǹwòran ní pápá Anfield, lórúkọ ní 1906, torí ọmọ Lancashire pọ̀ nínú àwọn tó kú síbẹ̀.

Ní February, Buller yí ọwọ́ padà. Ó ń gba òkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àgbá sì ń dún gba orí àwọn sójà rẹ̀ kọjá títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu yàrà àwọn Boer. Ní ọjọ́ 27, wọ́n gba Pieters Hill; lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ wọ Ladysmith.