Ta Ló Fọwọ́ Kan Aṣọ Mi? (Àdúrà Òwúrọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé a jí dáadáa? Máàkù orí 5, ẹsẹ 25 sí 34 la fẹ́ kà láàárọ̀ yìí, ìtàn obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀.

Ọdún 12 lobìnrin yìí fi ń ṣàìsàn, ó ti ná gbogbo owó ọwọ́ ẹ̀ fáwọn oníṣègùn, ńṣe ló tún ń burú sí i. Ó gba ẹ̀yìn wá láàárín èrò, ó fọwọ́ kan aṣọ Jésù, ẹ̀jẹ̀ dá lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kọ́rọ̀ parí síbẹ̀ àbí? Ara ti yá, kó máa lọ sílé jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n Jésù dúró, ó ní ta ló fọwọ́ kan aṣọ mi? Ó máa ń ṣe mí ní kàyéfì tẹ́lẹ̀, pé kí ló dé tí ò jẹ́ kó máa lọ ní kọ̀rọ̀ bó ṣe fẹ́, àfìgbà tọ́rọ̀ kan èmi náà.

Ọmọ ọdún 29 ni mí nígbà yẹn, mò ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ mi ba kókó kan nínú ọyàn òsì, kò ju hóró ẹ̀pà lọ. Ò dùn mí rárá, ìyẹn ló tàn mí jẹ, torí ohun tí ò bá dunni lọ́dọ̀ tiwa, a kì í kà á sáìsàn. Mo fi dákẹ́. Nígbà tí mo wá sọ ọ́ fún ẹnì kan tí mo fọkàn tán nínú ìjọ, ó ní ọfà ayé ni, ká gbààwẹ̀, kí n má dé ọsibítù o torí tí wọ́n bá lè fọ̀bẹ kàn án pẹ́nrẹ́n á tàn ká gbogbo ara. Oṣù mẹ́fà lọ. Ìgbà tí mo fi máa débẹ̀, awọ orí ẹ̀ ti rí kòtòkòtò bí èèpo ọsàn. Jẹjẹrẹ ọyàn ni. Wọ́n gé ọyàn náà, mo gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, irun re, omi lásán ń korò lẹ́nu mi. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi ò padà wá mọ́, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Ibi tá a ti ń dúró gba kẹ́mò ni Ọlọ́run ti rán ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan sí mi. Ó mú mi wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó ká bùbá ẹ̀ sókè, ó ní, "Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Ọdún kẹtàlá rèé, mo ṣì ń ru elùbọ́ lọ sọ́jà." Mo sunkún débi tí nọ́ọ̀sì fi sáré wá. Kò sí ìwàásù tó tíì wọ̀ mí lára tó àpá ìyá yẹn. Òun ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin yòókù, a máa ń pàdé lóṣooṣù, a máa ń dáwó fẹ́ni tówó kẹ́mò ẹ̀ ò bá pé, a máa ń kọ́ra wa bá a ṣe ń ki aṣọ sínú kọ́mú kápá méjèèjì lè dọ́gba.

Ìgbà yẹn ni ìbéèrè Jésù tó yé mi. Ẹ rántí pé Jáírù, tó wá bẹ Jésù nítorí ọmọ ẹ̀, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ náà ń kú lọ nílé, àtigbọ́ pé àìsàn ọdún 12 lè lọ ṣe pàtàkì fún un ju ohunkóhun lọ. Jáírù kan máa ń wà láàárín èrò tó ń gbọ́ ẹ ṣáá ni!

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Betty Anyanwu-Akeredolu náà, tí àrùn yìí mú tó sì yè é, ò fi tiẹ̀ pa mọ́, ó dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọyàn ní Nàìjíríà, sílẹ̀ lọ́dún 1997. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní lọ́dún 2022 nìkan, obìnrin mílíọ̀nù 2.3 ni wọ́n rí i lára wọn, bí 670,000 ló sì kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tí nǹkan oṣù bá ti lọ, fọwọ́ yẹ ọyàn ẹ wò títí dé abíyá. Tó o bá rí kókó, tàbí ẹ̀jẹ̀ lórí ọyàn, tàbí tórí ọyàn ṣàdédé wọnú, lọ rí dókítà. Gbogbo kókó kọ́ ni jẹjẹrẹ o, àmọ́ àyẹ̀wò ló máa sọ. Kì í ràn, owó tá à ń ki sínú kọ́mú kọ́ ló ń fà á, àwọn ọkùnrin náà sì máa ń ní in.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, ẹni tó ń lọ gbèsì àyẹ̀wò láàárọ̀ yìí, bá a wọlé, bá a jókòó. Àmín.

Olúwa, ẹni tówó kẹ́mò tó kàn ò tíì pé lọ́wọ́ ẹ̀, dìde fún un kílẹ̀ tó ṣú. Àmín.

Ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wá iṣan lára wa, bù kún un, kó má ṣì í. Àmín.

Ọkọ tó ń ronú àtisá, yí i lọ́kàn padà, jẹ́ kó dúró ti aya ẹ̀. Àmín.

Ọmọbìnrin tó ti rí kókó tí ò tíì sọ fẹ́nì kankan, Jésù, pè é lórúkọ, kó sọ̀rọ̀ lónìí, kó má dọ̀la. Ní orúkọ Jésù. Àmín.